Kápúsù Sààrì Tó Pa Inú Mi Lẹ́nu Mọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tójú mi rí nínú àwẹ̀ tó kọjá. Àyà mi ṣì ń já bí mo ṣe ń kọ ọ́!

Télọ̀ ni mí ní Olówógbowó. Ẹ mọ̀ pé tí Ìtúnu Àwẹ̀ bá ti ń sún mọ́lé, gbogbo ayé ló fẹ́ aṣọ. Ẹ̀yìn wá ń ro mí. Tí mo bá jẹ sààrì tán, màá gbé oògùn ara ríro méjì mì. Kò pẹ́ tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Ṣé kí n wá fi àwẹ̀ sílẹ̀ ni? Èmi kẹ̀! Mo ra omeprazole, kápúsù tó ń dín omi kíkan inú kù, mo ń lò ó mọ́ oògùn ara ríro yẹn ní sààrì lójoojúmọ́. Ìrora lọ. Mo tiẹ̀ fún ìyá mi ní páálí kan, torí inú máa ń ta àwọn náà.

Lọ́jọ́ kan, ìgbẹ́ mi dúdú bí ọ̀dà. Mo ní dàbínù tí mo fi ń ṣínu ni. Lọ́jọ́ kejì, ó tún burú sí i. Ta ni èèyàn máa sọ irú ẹ̀ fún?

Lọ́jọ́ kẹta, mo dìde nídìí ẹ̀rọ, òòyì gbé mi lulẹ̀. Ràlíátù ìyàwó mi wọ́ mi lọ sọ́dọ̀ àǹtí oníkẹ́mísì ní Adéníji Adélé.

"Bọ̀dá, kí lẹ ti ń lò? Ìgbọ̀nsẹ̀ yín ńkọ́?"

Bí mo ṣe dáhùn, ó ní inú mi ń ṣẹ̀jẹ̀, ká máa lọ sí ọsibítù kíá! Ẹ̀rù bà mí. Kàlímọ́ ṣàhádà ni mò ń kà nínú kẹ̀kẹ́.

Dókítà ní oògùn ara ríro yẹn ló dá egbò sí mi nínú. Omeprazole dáa, àwọn náà fún mi lò, àmọ́ èmi fi bo àìsàn mọ́lẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára.

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti rántí páálí ìyá mi. Yéè! Mo gbé fóònù, mo pè wọ́n kíá.

"Màmá, báwo ni ìgbọ̀nsẹ̀ yín ṣe rí?"

"Ọmọ yìí, ṣé orí ẹ pé?" Wọ́n ní àwọn ò fọwọ́ kan kápúsù náà rí. "Tí mo bá pa inú mi lẹ́nu mọ́, ta ló máa sọ fún mi pé nǹkan ń ṣe mí?"

Mo bú sẹ́kún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi dókítà tàbí oníkẹ́mísì kí ẹ tó máa lo oògùn ara ríro tàbí omeprazole lójoojúmọ́. Ọlọ́run ti yọ̀ǹda fún aláìsàn láti sinmi àwẹ̀. Tí ìgbẹ́ bá dúdú bíi tèmi, ẹ má dúró rárá! Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí? Ẹ sọ ọ́ síbí, ẹ má tijú. Ìtìjú yẹn ló fẹ́ pa mí.