Ẹ̀jẹ̀ Tó Kọ̀ Tí Kò Dì

Ọgbọ̀n ọdún ni àbúrò bàbá mi obìnrin fi ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn. Ẹlẹ́jẹ̀ ni bàbá mi máa ń pè é. Ẹ̀rọ wà níbẹ̀ tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì, ṣùgbọ́n Àǹtí kò gba ẹ̀rọ gbọ́. Á da ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, á dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́, á máa wo aago, á sì máa tẹ ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní ṣàn mọ́. Mo ti fi í rẹ́rìn-ín rí, mi ò ní purọ́.

Nígbà tó yá, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí gbàgbé nǹkan. Kí oṣù tó parí, kò mọ orúkọ mi mọ́, kò sì lè rìn láìdi ògiri mú. A gbé e lọ sílé ìwòsàn Àǹtí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ibẹ̀ tó ń ya àwòrán inú orí ti bàjẹ́. Dókítà ní ẹ̀rù ń ba òun pé àrùn ọpọlọ kan tí kò gbóògùn ni: èròjà kan nínú ọpọlọ á ká wọ́, á sì máa kó ìwàkuwà ran àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, títí ọpọlọ á fi kún fún ihò. Ó ní ká máa gbé e lọ sílé. Inú bí mi sí i bí ẹni pé òun ló kó àrùn náà wá.

 Àǹtí gba ẹ̀jẹ̀ bàbá mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ àṣà rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ̀jẹ̀ fi yẹ kó dì pé, kò dì. Ogún ìṣẹ́jú, ó ṣì ń ṣàn bí omi.

"Ìyàwó wa, kó gbogbo oògùn ẹ̀gbọ́n mi wá kí n rí i."

Ìyá mi kó páálí méjì wá, ọ̀kan funfun, ọ̀kan pupa. Oògùn kan náà ló wà nínú méjèèjì, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, nítorí àìsàn ọkàn bàbá mi. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti yí àwọ̀ páálí padà. Ìyá mi rò pé oògùn mìíràn ni, ó wá ń fún un ní méjèèjì. Àǹtí yíjú sí dókítà.

"Dókítà, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń sun sórí ọpọlọ wọn ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ síbi tí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́."

Nígbà tí wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Wọ́n fún un ní oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, wọ́n lu ihò kékeré sí orí rẹ̀, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde. Ìyá mi ń sunkún pé òun ló fà á.

"Ẹni tó kun páálí lọ́dà ni kó sunkún," Àǹtí dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ kẹrin, Àǹtí tún mú abẹ́rẹ́ dé. Bàbá mi wò ó títí.

"Ẹlẹ́jẹ̀, o ò tíì yó?"

Mo mí kanlẹ̀.  Àǹtí gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó di ìgò mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ṣùgbọ́n omijé kò jẹ́ kó rí aago. Mo gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni mo bá a ka ìṣẹ́jú. Nígbà tó pé mẹ́jọ, mo tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ bàbá mi kò mira.