Bí Mo Ṣe Lọ Wàásù Ayọ̀ ní Aba Ọlọ́sàn

Aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Sátidé ni mo jáde nílé ní Olódò, pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan àti àpò tó kún fún ìwé àṣàrò kúkúrú. Àwa mẹ́fà la ti fọwọ́ sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì pé a ó lọ wàásù ní Aba Ọlọ́sàn, lẹ́yìn Ìjàyè. Nígbà tó wá di pé ká gbéra, ẹsẹ̀ ń dun ẹnì kan, àlejò dé bá ẹnì kan, àwọn mẹ́ta yòókù ò tiẹ̀ gbé fóònù. Mo ní kò burú. Inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀, torí ó hàn báyìí pé èmi nìkan ni onígbàgbọ́ tòótọ́ tó kù ní ìjọ wa.

Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi darí orin ní ìjọ, kí wọ́n tó fi ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún rọ́pò mi. Ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí, láti ìgbà náà ni mi ò sì ti kọrin mọ́. Mò ń lọ sí ìsìn déédéé, ìjókòó iwájú ni mo sì ń jókòó sí. Tí àwọn akọrin bá ṣi ohùn, mo máa ń mi orí kí wọ́n lè mọ̀ pé mo gbọ́. Èmi yìí ni wọ́n wá fi sí ẹgbẹ́ ìwàásù, pé kí n máa sọ fáwọn ẹlòmíì bí ìsìn Ọlọ́run ṣe dùn tó.

Takisí Máíkírà kan gbé mi dé Ìwó Road ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Àwa mẹ́rin la wà lẹ́yìn, níbi tí èèyàn mẹ́ta ì bá ti há. Mo wọ òmíràn dé Mọ́níyà, mo mu ẹ̀kọ gbígbóná níbẹ̀ pẹ̀lú àkàrà mẹ́ta, mo sì tún wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjàyè. Oko pákí àti àgbàdo ló wà lọ́tùn-ún lósì. Bí Olódò náà ṣe rí nígbà tí mo dé ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tuntun nìyẹn. Ilé àti ṣọ́ọ̀bù ló kún ibẹ̀ báyìí, ṣọ́ọ̀ṣì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ilé lọ.

Ní Ìjàyè, mo gun ọ̀kadà ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mutíù. Bá a ṣe kúrò lórí títì ọlọ́dà ni mo bẹ̀rẹ̀ ìwàásù létí rẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé o mọ ibi tí ò ń lọ?"

"Aba Ọlọ́sàn ni, Ìyá. Ṣebí ibẹ̀ lẹ ní kí n gbé yín lọ."

"Lẹ́yìn ikú ni mò ń sọ."

"Ẹ dì mí mú dáadáa, Ìyá. Kòtò ń bẹ níwájú, kò sì dá onígbàgbọ́ mọ̀ yàtọ̀."

Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tá a fi já sínú kòtò náà. Mi ò wàásù mọ́ títí a fi débẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, oníwàásù ìdájí kàn máa ń pariwo lójú fèrèsé ni, kò sẹ́ni tó ń jáde sí i. Ní Aba Ọlọ́sàn, wọ́n kọ́kọ́ kí mi, wọ́n béèrè àlàáfíà ilé, wọ́n bu omi fún mi, wọ́n sì gbé àga wá. Obìnrin bíi mẹ́wàá ló ń bó pákí lábẹ́ àtíbàbà onípáànù tí wọ́n ti ń yan gàrí. Mi ò jókòó. Mo tan gbohùngbohùn, ó han gooro, àwọn ewúrẹ́ sá. Mo wàásù lórí ayọ̀ tó wà nínú Olúwa fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwọn obìnrin náà ń gbọ́, wọ́n sì ń bó pákí wọn lọ.

Nígbà tí mo sinmi, ìyá kan tó dàgbà jù mí lọ nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. Ìyá Ràfíù ni wọ́n ń pè é.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá oníwàásù. Mùsùlùmí ni mí, àmọ́ mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ayọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí, ṣé ẹ̀yin náà ní in?"

"Mo ní in dáadáa!" Inú gbohùngbohùn ni mo ti jágbe ẹ̀.

"Ẹ má bínú o. Ojú yín ni mò ń wò. Mo rò pé èèyàn yín kan ló kú."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ká ní wọ́n rẹ́rìn-ín ni, ǹ bá rí nǹkan bínú sí. Àánú mi ló ń ṣe wọ́n.

Kò pẹ́ sí i ni òjò dé. Ariwo rẹ̀ lórí páànù bo gbohùngbohùn mọ́lẹ̀, mo bá pa á. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sọ́lá fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó kan sọ́dọ̀ mi, ó sì na ọ̀bẹ sí mi.

"Mà, ẹ bá wa bó díẹ̀ kí òjò tó dá."

Mo jókòó. Bí mo ṣe ń bó o ni Ìyá Sọ́lá bẹ̀rẹ̀ orin. Ohùn rẹ̀ ò dáa. Ó bẹ̀rẹ̀ lókè jù, ó já a sílẹ̀ láàárín, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní ìjọ wa, mi ò ní jẹ́ kó sún mọ́ máìkì.

"Pákí yìí ńkọ́?" ló ń dá.

"Ti Ọlọ́run ni!" ni gbogbo wọn ń gbè.

"Ọwọ́ tó ń bó o ńkọ́?"

"Ti Ọlọ́run ni!"

Orin náà ń yí káàkiri, oníkálùkù ń dá tirẹ̀. Ẹnì kan fi òjò dá a. Ìyá Ràfíù fi orúnkún rẹ̀ tó ń ro ó dá a, wọ́n gbè é pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó wá kàn mí. Mò ń wá ohun tó yẹ oníwàásù, àmọ́ nǹkan mìíràn ló já bọ́ lẹ́nu mi:

"Ipò tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ńkọ́?"

Wọn ò mọ ipò wo ni. Wọn ò tiẹ̀ béèrè.

"Ti Ọlọ́run ni!"

Mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Omijé ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín, ìgbà tí mo sì máa fi mọ̀, mo ti wà lórí ìdúró, mò ń jó láàárín èèpo pákí. Ọdún mẹ́ta ni mi ò ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí òjò dá, mo bi Ìyá Ràfíù bóyá Ìyá Sọ́lá ti wàásù fún wọn rí, torí wọ́n ti sọ fún mi pé òun nìkan ni onígbàgbọ́ láàárín wọn.

"Rárá o. Orin ló máa ń kọ. Tó bá ti ń kọ ọ́, èmi náà á rántí pé Ọlọ́run ń wò mí. Láti ìgbà tá a ti jọ ń ṣiṣẹ́, ìrun mi ò pẹ́ mọ́."

Ìyẹn kọ́ ni ìjọ mi rán mi wá gbọ́, àmọ́ òun ni mo gbọ́. Wọ́n fún mi ní gàrí, mo pín ìwé fún wọn, Mutíù sì wá gbé mi. Èmi ni mo ń kọrin lọ́nà. Òun ló ní kí n rọra, kó lè gbọ́ fèrè ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni mo dé Olódò. Mo yà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn akọrin ń múra sílẹ̀ fún ọjọ́ ìsinmi lọ́wọ́ nínú. Pásítọ̀ wa fún mi ní fọ́ọ̀mù ní ẹnu ọ̀nà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: iye ẹni tó gba Olúwa, àti orúkọ wọn. Mo kọ ẹnì kan, mo sì kọ orúkọ mi.

"Mà, ẹ̀yin kẹ̀?" ni Pásítọ̀ wí. "Ẹ ti ṣi í kọ."

Ó fa igi lé orúkọ mi, ó kọ òdo.

Mi ò bá a jiyàn. Mo ti lọ fi ariwo júwe Ọlọ́run fáwọn èèyàn, obìnrin kan tí kò mọ orin kọ sì ti júwe rẹ̀ fún mi nídìí pákí, torí pé inú òun fúnra rẹ̀ ń dùn níwájú Ọlọ́run. Fọ́ọ̀mù náà ò ní ibi tí wọ́n ń kọ irú ẹ̀ sí. Mo kí Pásítọ̀, mo wọlé, mo sì béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ń darí orin bóyá àyè ṣì wà ní ìlà ẹ̀yìn àwọn akọrin.