Ẹrù Ìyá Oǹdó àti Òṣùwọ̀n Bàbá Mi

Ní kékeré mi, nígbà tí ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là sí ọ̀rọ̀ àgbà, Ìsìkàn ní Àkúrẹ́ ni à ń gbé, nínú ilé kan tí bàbá mi fi owó kòkó kọ́. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wọ̀lú lójoojúmọ́, wọ́n ń wá yàrá tí wọn yóò háyà. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ lè máa rò pé ayé tiyín ni ọ̀rọ̀ ẹrù àpọ̀jù ní pápákọ̀ òfurufú ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Irọ́ ni. Ó ti bá àwa náà fà á rí, ohun tó sì tìdí rẹ̀ yọ nílé wa, n kò tíì rí ẹni tó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún mi títí di òní.

Agbàkòkó ni bàbá mi. Àwọn àgbẹ̀ láti Ìlú-Àbò àti Ìta-Ògbólú ló ń kó kòkó wá fún un, òṣùwọ̀n ńlá kan tó ní ìkọ́ sì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ tó fi ń wọ̀n ọ́n. Àwọn àgbẹ̀ a máa kùn. Wọ́n ní òṣùwọ̀n bàbá mi lẹ́nu, wọ́n ní ó máa ń jẹ nínú kòkó kí ó tó sọ iye tó kù. Bàbá mi á fi wọ́n rẹ́rìn-ín, á ní kí ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn gbé kòkó rẹ̀ lọ síbòmíràn. Èmi gbà á gbọ́. Ọmọ wo ni yóò fẹ́ gbà pé bàbá òun ń rẹ́ni jẹ?

Ọdún yẹn ni wọ́n gba ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sí ilé-ìwé gíga nílùú Ọba. Nígbà náà, bí ẹnìkan bá ń lọ sókè òkun, gbogbo àdúgbò ló ń bá a di ẹrù. Ẹni tó bímọ síbẹ̀ á gbé èlùbọ́ wá, ẹni tó ní àbúrò níbẹ̀ á gbé ẹja gbígbẹ wá, kò sì sí ẹni tó ń kọ̀ ọ́. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá kọ iṣẹ́ tí àgbà rán an lọ́jọ́ ìrìn-àjò, ọ̀nà náà lè kọ òun náà.

Ìyá arúgbó kan wà nílé kejì sí wa tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Oǹdó, nítorí ìlú Oǹdó ló ti wá, èdè Oǹdó ló sì ń sọ ṣáá, tí àwa ọmọdé fi ń sín in jẹ; mo kàn ń yí i sí Yorùbá gbogboogbò fún yín. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ náà ti lọ sílùú Ọba kí wọ́n tó bí mi, ó sì ti tó ọdún mélòó kan tí lẹ́tà rẹ̀ kò dé mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè rẹ̀, ìyá náà á ní, "Iṣẹ́ ló gbà á lọ́wọ́."

Ó wá bá ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí ìrìn-àjò ku ọjọ́ mẹ́ta. Aṣọ funfun ló fi di ẹrù rẹ̀: àádùn tó ṣe fúnra rẹ̀, orúnlá, àti ẹja àrọ̀ gbígbẹ. Kí ó tó rán ẹnu aṣọ náà pa, ó bu àádùn fún ẹ̀gbọ́n mi kí ó tọ́ ọ wò, ó sì bu fún èmi náà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ń ṣe, kí ẹni tó ń gbé ẹrù lè mọ̀ pé kò sí ohun burúkú níbẹ̀. Ata inú rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi bọ́ lójú mi. Ìyá Oǹdó wò mí, ó ní, "Bí ọmọ mi ṣe ń fẹ́ ẹ nìyẹn." Ó fi òwú dúdú rán aṣọ náà, ó fi eyín já òwú, ó wá di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú.

"Jọ̀ọ́, ọmọ mi, ìwọ fúnra rẹ ni kí o fi lé e lọ́wọ́. Ebi ń pa á. Mo máa ń gbọ́ ọ."

Kí ni ó ń gbọ́? Ìyá mi kàn dá a lóhùn pé kí ó fọkàn balẹ̀, pé yóò débẹ̀.

Bàbá mi gbé ẹrù náà kọ́ orí òṣùwọ̀n kòkó: kílò márùn-ún. Ó tì í bọ inú àpótí ẹ̀gbọ́n mi, ó wọn gbogbo rẹ̀ pọ̀: ogún kílò géérégé, iye tí wọ́n gbà láàyè. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ẹni tó ní òṣùwọ̀n nílé, ojú kì í tì í ní pápákọ̀.

Ojú tì í. Nígbà tí a dé Ìkẹjà lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, tí wọ́n gbé àpótí sórí òṣùwọ̀n tiwọn, ó fi kílò mẹ́fà àti ààbọ̀ lé sí i. Obìnrin tó ń wọn ẹrù sọ iye tí a máa san, owó náà ju gbogbo ohun tó wà lápò bàbá mi lọ.

"Mo wọ̀n ọ́n nílé," ni bàbá mi wí. "Ogún kílò ni."

Obìnrin náà kò bínú. Ó ní, "Bàbá, ṣé ó dá yín lójú pé òṣùwọ̀n ilé yín péye?"

Bàbá mi sorí kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sídìí àpótí náà. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tó tò sẹ́yìn wa ń wò wá, èmi ọmọdé tó wà níbẹ̀ sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òótọ́ ni àwọn àgbẹ̀ ń sọ. Ó dùn mí dé ọkàn.

Bí a ṣe ṣí àpótí sílẹ̀ láàárín èrò nìyẹn. A kò lè yọ ìwé ẹ̀gbọ́n mi, a kò lè yọ aṣọ òtútù rẹ̀. Bàbá mi mú ẹrù Ìyá Oǹdó. Ìyá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ arúgbó ni. Ẹ yọ èlùbọ́ tèmi." Ṣùgbọ́n èlùbọ́ ìyá mi kò tó nǹkan. Bàbá mi ní, "Ta ló mọ̀ bóyá ọmọ náà ṣì wà níbi tó ń sọ? A ó wá ẹlòmíràn rán." Ó gbé ẹrù funfun náà lé mi lọ́wọ́, àpótí sì padà sí ogún kílò. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé lọ láì wẹ̀yìn.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa o, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Orí itan mi ni mo gbé ẹrù yẹn lé nínú mọ́tò bàbá mi, láti Ìkẹjà títí dé Ọ̀rẹ̀. Ó wúwo. Nígbà tí a kọjá Ọ̀rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo rò pé oòrùn ni, mo sún kúrò lẹ́bàá fèrèsé, síbẹ̀ ó ń gbóná sí i, bí ọmọ tí ibà mú. Ọjọ́rọ̀ la wọ ìlú Oǹdó, èrò pọ̀ lójú pópó, àwọn ọmọ iléèwé ń lọ sílé. Láàárín ìlú níbẹ̀ ni itan mi ṣàdédé fúyẹ́, ẹrù náà sì tutù. Mo pe ìyá mi pé ẹrù ti lọ. Ó wẹ̀yìn, ó rí aṣọ funfun lórí itan mi, ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ ló kú. Nà án." Mo na ẹsẹ̀ mi títí a fi dé Àkúrẹ́.

Bàbá mi ju ẹrù náà sáàárín àwọn àpò kòkó nínú ilé ìkẹ́rùsí, ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Ìyá Oǹdó. A kò sọ. Ṣùgbọ́n lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó jẹun, ìyá náà ti dé. Ó kúnlẹ̀ fún bàbá mi, arúgbó ọlọ́jọ́ orí bẹ́ẹ̀, bàbá mi sì sáré gbé e dìde.

"Ẹ ṣé o. Ó ti gbà á," ni ó wí. "Lọ́jọ́rọ̀ àná, mo ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé, oorun gbé mi lọ. Mo rí i lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ ilé wa ní Oǹdó, ó jókòó, ó ń jẹun. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó ní ata rẹ̀ dáa." Ó wá yíjú sí mi. "Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó gbé e lé itan."

Ẹ rántí pé kò sí fóònù tí ẹnikẹ́ni lè fi sọ fún un, ó sì dágbére fún ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú ìdánilójú pé inú àpótí ni ẹrù òun wà. Ta ló sọ̀rọ̀ itan fún un?

Nígbà tí ó lọ, bàbá mi wọ ilé ìkẹ́rùsí lọ, a tẹ̀ lé e. Ẹrù náà wà níbi tó wà, òwú dúdú náà kò já, kò sí ibi tí eku ti fọwọ́ kàn án. Bàbá mi gbé e kọ́ òṣùwọ̀n. Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n kò mira. Ìyá mi ní kí ó tú u wò. Bàbá mi ní, "Ta ni kó tú u?" Ó gbé e padà síbẹ̀, láti ọjọ́ náà kò sì fẹ́ dá nìkan wọ ibẹ̀ mọ́.

Ó ju oṣù kan lọ kí lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi tó dé. Ó ní òun lọ sí ilé tí Ìyá Oǹdó júwe, kí òun lè tọrọ àforíjì nítorí ẹrù tí òun kò gbé dé. Onílé sọ fún un pé ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni ọkùnrin náà ti kú, wọn kò mọ ibi tí wọn yóò kọ̀wé sí. Òòyà kan péré ló kù nínú ohun ìní rẹ̀, irun orí rẹ̀ sì wà láàárín eyín òòyà náà. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, bí ènìyàn bá kú sájò tí a kò rí òkú rẹ̀ gbé wálé, irun orí rẹ̀ là ń wá kí a lè sin ín sílé. Ẹ̀gbọ́n mi fi òòyà náà sínú àpòòwé, ó fi rán ará Àkúrẹ́ kan tó ń bọ̀ nílé.

Ọkùnrin tó gbé e wá kò tilẹ̀ jókòó. Ó ní òun wọn ẹrù òun dáadáa kí òun tó kúrò nílé, ṣùgbọ́n nígbà tí òun dé pápákọ̀ lọ́hùn-ún, ó ti lé sí i, òun sì sanwó. "Kí lọmọ yín rán mi gan-an?" ni ó bi bàbá mi. Bàbá mi fi òòyà hàn án. Ọkùnrin náà wò ó, ó bọ́ sóde, kò sì padà wá sílé wa mọ́.

Bàbá mi mú òòyà náà, ó mú aṣọ funfun náà, ó lọ bá Ìyá Oǹdó. Èmi àti ìyá mi tẹ̀ lé e. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: òṣùwọ̀n tó ń rẹ́ni jẹ, ẹrù tó yọ, irọ́ tó pa. Lẹ́yìn náà ló sọ ti ikú. Ìyá Oǹdó gba òòyà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọwọ́ kan irun inú rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ebi ń pa á," ni ó wí. "N kò mọ̀ pé ikú ló kọ́kọ́ pa á." Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ dìde. Bí ẹ bá gbé e débẹ̀, ọmọ mi kò sí níbẹ̀ mọ́ láti gbà á. Ọ̀nà ilé ló wà."

Ó tú òwú dúdú náà. Kò sí ohunkóhun nínú aṣọ, àní hóró àádùn kan kò kù. Ó fi òòyà sí i, ó tún un rán, ó sì ní òun fẹ́ mọ bó ṣe wúwo tó. A jọ padà sí ilé ìkẹ́rùsí bàbá mi. Òṣùwọ̀n kan náà, ìkọ́ kan náà. Mo wà níbẹ̀, ojú mi ló ṣe. Abẹ́rẹ́ náà lọ, ó dúró sí márùn-ún. Ìyá Oǹdó gbá a mọ́ àyà, ó wá sunkún gidi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, bàbá mi fi mọ́tò gbé wa lọ sí Oǹdó, wọ́n sì sin ín sábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Nígbà tí a padà dé, ó pe alágbẹ̀dẹ kó wá tún òṣùwọ̀n náà ṣe. Àwọn ará Ìta-Ògbólú ní ó ti gba Jésù. Ó kàn ń wọn kòkó wọn lọ.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọkọ̀ òfurufú ń balẹ̀ sí Àkúrẹ́ níbí báyìí. Òṣùwọ̀n kékeré tí ẹ ń fi ọwọ́ gbé ẹrù kọ́ wà nílé gbogbo yín, kì í sì í purọ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ bá àwọn gbé nǹkan dání, ẹ ó kọ̀, n kò sì bá yín jà, nítorí ayé ti kún fún ìkà. Ọmọ mi obìnrin kó lọ sí Káńádà lóṣù tó kọjá pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ. A wọn ẹrù títí nílé, ṣùgbọ́n ó ti bàtà kún un lẹ́yìn mi, ẹrù sì pọ̀jù ní Ìkẹjà. Àádùn tí mo ṣe fún un ló yọ. Ó ní, "Màámi, wọ́n ń tà á níbẹ̀." N kò bá a jiyàn. Mo gbé e lé itan mi bọ̀ nílé, nígbà tí a sì dé Oǹdó, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi dì í mú.

Àádùn náà wà nínú yàrá mi. Fóònù wà, mo lè pe ọmọ mi, mo lè rí ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kí n tó fọwọ́ kan fóònù, mo kọ́kọ́ ń gbé àádùn náà sókè wò. Ọmọ-ọmọ mi mìíràn tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ń rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá àgbà ń ṣe eré ìdárayá. Mo gbé e láàárọ̀ yìí náà. Ó ṣì wúwo; kò tíì sí ẹni tó jẹ ẹ́. Mo dúpẹ́.