Oórì Kan Nínú Ọgbà Etí Omi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká, Òkọ̀tá kì í ṣe Òkọ̀tá tí ẹ̀yin mọ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ súyà kiri Àgọ́ Palace lálaalẹ́, igbó àti àbàtà la bá níbẹ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ la sì ń tọ̀ láti Ìsọlọ̀ títí dé etí omi. Màmá, ìyẹn ìyá tó bí ìyá mi, ló máa ń mú mi dání lọ. Etí omi yẹn ni wọ́n bí Màmá sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ìyá wọn sí. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dá, a ó lọ ṣán koríko ojú oórì náà. Màmá á jókòó tì í, wọn á máa ro gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé fún ìyá wọn, títí kan ìwàkiwà tèmi. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Èmi gan-an gbà pé òkú náà ń gbọ́, torí náà mo máa ń fara balẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí a tó lọ.

Ìgbà tó yá, owó epo rọ̀bì dé. Háà, ẹ̀yin kò rí owó! Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lánàá ti ra mọ́tò lónìí, ilẹ̀ àbàtà tí ẹnikẹ́ni kì í wò lẹ́ẹ̀mejì sì di ohun tí àgbàlagbà ń tìtorí rẹ̀ jà. Àwọn àbúrò Màmá lọ́kùnrin ta ilẹ̀ etí omi náà fún bàbá Ìjẹ̀bú kan tó ti ń ta pákó ní Ṣógúnlé tipẹ́, kí òwò sìmẹ́ńtì tó sọ wọ́n di olówó. Wọ́n tà á láì bi Màmá. Apẹja kan ló wá sọ fún wa pé katapílà ti wà níbẹ̀, ó ń hú igi.

Màmá kò jẹun lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní bí katapílà bá hú egungun ìyá àwọn, níbo làwọn ó tún ti máa kí i? Ilẹ̀ mọ́, wọ́n wé gèlè, wọ́n fà mí lọ́wọ́, ó di etí omi.

A bá bàbá náà lórí ìdúró pẹ̀lú lọ́yà wọn àti ẹni tó ya àwòrán ilé. Màmá ṣàlàyé ohun tó wà nínú ilẹ̀ náà. Ẹni tó ya àwòrán ní ojú ibẹ̀ gan-an ni pálọ̀ máa bọ́ sí. Lọ́yà fa bàbá sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sọ, gbogbo wa la gbọ́. Ó ní nílẹ̀ Yorùbá, ibi tí òkú ẹni bá wà ni ilẹ̀ ẹni wà. Bí bàbá bá fi oórì yẹn sílẹ̀, lọ́la ni àwọn ọmọ onílẹ̀ á fi ṣe ẹ̀rí nílé ẹjọ́. N kò ní purọ́ mọ́ lọ́yà, òótọ́ ló sọ. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ti ra ilẹ̀ l'Ékòó rí.

Bàbá náà bọ́ bàtà, wọ́n tẹ̀ lé Màmá wọ inú ẹrẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ojú oórì, bàbá ṣí fìlà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí ẹni tó ya àwòrán.

"Ilé ló máa yẹ̀ fún wọn," ni bàbá wí. "Àwọn ló kọ́kọ́ débẹ̀."

Wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Ilé yẹn, ẹ bá mi rí i! Ó gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kọjú sí omi, afárá pákó kan sì jáde láti inú ọgbà lọ sí ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì wọn mọ́. Bàbá fúnra wọn ló ṣa pákó afárá náà, kò sí ọ̀kan tó wọ́. Ìyàwó wọn, tíṣà kan tó jẹ́ ará Abẹ́òkúta, gbin òdòdó pupa yí oórì náà ká, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n. Bí a bá dé, ọlọ́dẹ á ṣí géètì láì bi wá léèrè ohunkóhun, ìyàwó bàbá á gbé àga fún Màmá, èmi á sì mu omi ọsàn tó tutù dé eyín. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí fíríìjì.

Bàbá kú lójijì, wọ́n sì gbé wọn lọ sin sí Ìjẹ̀bú. Ilẹ̀ etí omi ti gbówó lórí gan-an nígbà náà, àwọn àbúrò Màmá sì ti gbọ́ òórùn owó. Wọ́n kó àwọn àgbààgbà àdúgbò jọ sínú ọgbà náà, wọ́n ní oórì ìyá àwọn ni ẹ̀rí pé etí omi yẹn kò sí lára ohun tí àwọn tà. Ẹ wo irọ́! Wọ́n ní kí Màmá wá jẹ́rìí sí i, wọ́n sì ti ṣèlérí pé àwọn á kọ́lé fún wọn nínú owó tó bá jáde níbẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo tó ń jò ni Màmá ń gbé o, ẹ jẹ́ kó yé yín. Ìyàwó bàbá, tó ti di opó, jókòó nínú aṣọ dúdú. Ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu Màmá ti tó láti lé wọn jáde.

Màmá dìde, wọ́n kọjú sí àwọn àbúrò wọn.

"Ìyá mi ni mo ní níbí, n kò ní ilẹ̀. Ẹ̀yin lẹ tà á, ẹ sì ti jẹ owó ẹ̀ tán. Ẹni tó yẹ ilé ẹ̀ fún òkú mi, ṣé èmi ni mo máa wá lé ìyàwó ẹ̀ síta?"

Ìpàdé tú. Àwọn àbúrò Màmá kò bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí Màmá fi kú. Lọ́jọ́ ikú náà gan-an, wọ́n ránṣẹ́ sí wa pé a kò gbọdọ̀ sin òkú Màmá sí agboolé ìdílé. Ìyá mi ń sunkún, wọn kò mọ ibi tí a ó gbé òkú lọ. Opó náà gbọ́, wọ́n wá bá wa ní Ìsọlọ̀.

"Ẹ gbé wọn máa bọ̀," ni opó náà wí. "Àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn."

Oórì kejì o! Obìnrin tí wọ́n fẹ́ fi oórì kan gba ilé lọ́wọ́ wọn ló tún ní kí a wá gbẹ́ òmíràn. Wọn kò mú lọ́yà dání, wọn kò sì ní kí ẹnikẹ́ni tọwọ́ bọ̀wé. Mo ti di géńdé nígbà náà, mo sunkún bí ọmọdé.

Àwọn ọmọ opó náà ti ta apá kan ọgbà náà, wọ́n ti fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ilé ńlá náà ṣì wà. Ayé ló ti yí. Ẹ rìn láti Òkọ̀tá dé Apakun lónìí, ohun tí ẹ máa kà lára ògiri ni pé ilé yìí kì í ṣe títà, torí kò sẹ́ni tó gbẹ́kẹ̀ lé ẹnì kejì mọ́. Èmi náà ní ilẹ̀ kékeré kan, mo sì ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri rẹ̀ gàdàgbà-gàdàgbà. Bí ìyá arúgbó kan bá kanlẹ̀kùn lọ́la pé ìyá òun wà nínú ilẹ̀ mi, mo fẹ́ ṣí i. Ẹ bá mi ṣàmín, ẹ̀yin ọmọ, torí ẹ̀rù ara mi ń bà mí.