Má Sún Mọ́ Mi

Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ oògùn onítànṣán nílé ìwòsàn, kí ẹ̀rọ lè ya àwòrán kókó burúkú tó wà lọ́fun mi. Dókítà kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ sún mọ́ aláboyún títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí ìtànṣán náà má baà pa ọmọ inú lára.

Bí mo ṣe dé ilé wa ní Ajido, ìyàwó ọmọ mi, tó lóyún oṣù méje, fi ẹja tó ń yan sílẹ̀, ó ń sáré bọ̀ wá gba àpò lọ́wọ́ mi. Mo juwọ́ pé kó dúró. Kò dúró! Mo bá fìbínú kígbe:

"Má sún mọ́ mi!"

Ó kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Bàbá, kí ni mo ṣe?"

Ó ti lé lóṣù mẹ́ta tí kókó náà kò ti jẹ́ kí n lè gbóhùn sókè. Ọjọ́ tí ohùn náà jàjà jáde, ọmọ-ọmọ mi tí wọn kò tíì bí ni mo fi lé.