Níbo Ni Orí Akàn Wà?

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tójú mi rí. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé nígbà tí mo ṣì lágbára, gbogbo akàn tó wà láti Kirikiri títí dé Àmùkòkò ló ń kí mi ní "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́." Tí mo bá ti tẹsẹ̀ bọ omi báyìí, wọ́n á tò lọ́tùn-ún, wọ́n á tò lósì, bíi ṣọ́jà! Ẹ ò gbà? Kò burú. Ẹ ṣáà máa kà á lọ.

Láyé ọdún 1980 sí òkè yẹn, alágbàárù ni mí ní wọ́ọ̀fù Àpápá. Ajégúnlẹ̀ là ń gbé nínú yàrá kan, èmi, ìyàwó mi àti Síkírá ọmọ wa. Ìwé tí mo kà ò ju kí n kọ orúkọ mi sílẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu mi? Háà! Ẹnu mi gboyè.

Tí ilé ìwé bá ti gba họ́lídè gígùn, ilé ìkàwé kan wà ní Àpápá tó máa ń kó àwọn ọmọdé jọ. Wọ́n á kàwé, wọ́n á jáde lọ wo ẹyẹ àti ẹranko, wọ́n á wá fi páálí àti ọ̀dà ṣe ẹranko tó bá wu kálukú. Lọ́jọ́ ìparí, ọmọ kọ̀ọ̀kan á gbé ẹranko tiẹ̀ wọ̀ bí ẹ̀wù, á dúró níwájú àwọn òbí, á sọ ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀. Antí Bíọ́lá ló ń darí wọn, ọmọbìnrin ọlọ́yàyà kan tí ìbéèrè kì í sú.

Àwọn ọmọ yòókù mú kìnnìún, wọ́n mú erin. Èwo nínú wọn ló rí erin rí? Síkírá tèmi mú akàn, nítorí akàn ń rìn wọ ẹ̀yìnkùlé wa bí òjò bá ti rọ̀.

Ni ọmọ yìí bá bi mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan: "Bàbá, wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Orí ọ̀hún dà?"

Ẹ gbà mí! Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yẹn, mi ò bi ara mi rí. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti bi ara yín?

Bàbá tó gbọ́n á ní òun ò mọ̀. Èmi kọ́! Mo ní orí wà níbẹ̀ dáadáa, abẹ́ èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń gbé e pamọ́ sí, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n pè nìkan ló ń yọ ọ́ sí. Mo ní èmi ti rí i ju bí mo ṣe rí orí ara mi lọ. Ìyá Síkírá tó ń fẹ́ná lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní èmi àti irọ́, ọmọ ìyá kan náà ni wá.

Síkírá gbà mí gbọ́ ní tiẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó dúró láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Antí Bíọ́lá ṣí ìwé, ó ní ìwé wí pé orí akàn àti àyà rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Ẹ́fẹ́, ọmọ ará Warri tó ń gbé àdúgbò wa, bú sẹ́rìn-ín: "Na lie! Your papa na correct liar!"

Láti ọjọ́ náà, ọmọ onírọ́ ni wọ́n ń pe ọmọ mi. Ó délé, ó ju páálí rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní tí wọn ò bá fojú ara wọn rí orí akàn, òun ò ní tẹsẹ̀ bọ ilé ìkàwé yẹn mọ́. Ọmọ tó jẹ́ pé òun ló ń kàwé sí mi létí bí mo bá tibi iṣẹ́ dé! Ẹ̀rù bà mí.

Antí Bíọ́lá wá ránṣẹ́ sí mi pé àwọn ń bọ̀ létí omi ní Kirikiri lọ́jọ́ Sátidé. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Síkírá, ẹ wá fi orí rẹ̀ hàn wá. Èmi náà fẹ́ mọ̀." Kì í ṣe pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́!

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ra akàn ńlá kan lọ́wọ́ obìnrin Ìlàjẹ kan, tó ti fi okùn di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kó má baà gé èèyàn jẹ. Mo dé e mọ́ inú garawa ọ̀dà. Mo bu èbà tó kù nínú abọ́, mo mọ ọ́n ní orí. Ó nímú, ó létí, mo fi ẹ̀wà méjì ṣe ojú. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú akàn, mo sá a sóòrùn títí ó fi gan. Àrà! Ó jọ lanlọ́ọ̀dù wa.

Nígbà tí àwọn ọmọ dé etí omi, mo súfèé, mo pe ọfọ̀ tí èmi fúnra mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, mo ṣí garawa. Gbogbo wọn pariwo! Ẹ́fẹ́ fẹ̀yìn rìn: "Chai! E get head true true!" Síkírá gbé àyà sókè bí olorì.

Antí Bíọ́lá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó, ó tún un wò. Ó ní kí n bá àwọn tú ọwọ́ rẹ̀, káwọn rí bó ṣe ń rìn.

Mo gbé! Akàn tí mi ò fún lóúnjẹ láti ọjọ́ tí mo ti rà á! Bí mo ṣe tú u, kò rìn. Ó gbé ọwọ́ kan sókè, ó fọwọ́ kan orí, ó já imú jẹ. Ó já etí. Ó ń fa orí ara rẹ̀ ya, ó ń kó o sẹ́nu, bí ẹni pé kò séèyàn níbẹ̀!

Ọmọ Àpápá kan bú sẹ́kún. Ẹ́fẹ́ lọgun: "Na eba! Na eba be the head!"

Mo ń wá ibi tí ilẹ̀ á ti lanu. Ṣùgbọ́n Síkírá ò tiẹ̀ wò mí. Ó ti dojú bolẹ̀ níwájú akàn, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó ní kí gbogbo wọn dákẹ́, kí wọ́n wo ẹnu ẹ̀. Kì í là sókè sísàlẹ̀ bíi tiwa, ẹ̀gbẹ́ ló ń ṣí sí, bíi fèrèsé onílẹ̀kùn méjì! Inú ilẹ̀kùn kan, ilẹ̀kùn mìíràn tún wà! Èmi tí mo ti ń jẹ akàn láti kékeré, mi ò rí i rí.

Gbogbo wọn dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, àti Antí Bíọ́lá tòun ti síkẹ́ẹ̀tì funfun. Akàn jẹun tán, ó fi ẹ̀wà sílẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ rìn wọ omi lọ. Ẹ́fẹ́ mí kanlẹ̀, ó ní, "Síkírá, your crab try."

Síkírá dìde, ó dì mọ́ mi lọ́rùn níwájú gbogbo wọn, ó ní kò sí bàbá bíi tòun láyé.

Lọ́jọ́ ìparí, ó gbé akàn onípáálí wọ̀, ó so okùn mọ́ ẹnu rẹ̀, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé. Àwọn elérin àti oníkìnnìún pa tiwọn tì, wọ́n ń jà du okùn akàn. Ẹ́fẹ́ ló fà á já.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé bí ọmọ bá bi yín ní ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹ ní ẹ ò mọ̀, kí ẹ jọ lọ wò ó. Òwe tí à ń pa lójoojúmọ́ gan-an, ẹ jẹ́ ká máa yẹ inú ẹ̀ wò. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lọmọ yín ti bi yín rí tí ẹnu yín fi wọhò? Ẹ kọ ọ́ kí gbogbo wa rí i, kò ní jẹ́ èmi nìkan ni wọ́n á máa fi rẹ́rìn-ín!

Ó wá ku ẹyọ kan. Pé akàn ń tò bíi ṣọ́jà, ẹ ti mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ní Síkírá dì mọ́ mi, èmi ni mo dá ìyẹn náà sílẹ̀. Kò dì mọ́ mi. Láti Kirikiri títí dé Ajégúnlẹ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀, iwájú ló ń rìn. Ìgbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ló tó yíjú padà, ó bi mí bóyá akàn létí.

Mo ní mi ò mọ̀.