Ẹran Ìkẹyìn Bàbá Ṣéhù

Bàbá Ṣéhù kì í bẹ̀rù ọkọ̀. Láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, ní Stockport Road ní Levenshulme, nílùú òyìnbó, tó bá ti wọ ẹ̀wù yẹ́lò rẹ̀, tó na ọ̀pá tó ní àwo róbótó lórí, tí wọ́n kọ STOP sí, bọ́ọ̀sì á dúró, tírélà á dúró, àwọn ọmọ ilé-ìwé á sì kọjá wẹ́rẹ́. Ọmọ Ìlọrin ni, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, gbogbo ìyá ọmọ àdúgbò ló ń kí i. Àmọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin tó ń dá tírélà dúró yìí, wọ́n ń gba abọ́ núdùsù níwájú rẹ̀, kò sì lè sọ̀rọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ló wà nítòsí ibi tó ti ń dá ọkọ̀ dúró, tábìlì mẹ́fà péré. Hoa, obìnrin ará Vietnam kan, ló ni ín. Omi ẹran gbígbóná tó ń ta sánsán ló ń dà sórí núdùsù, á já ewé tútù sí i, á wá tẹ́ ẹran màlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, Bàbá Ṣéhù bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun máa ra ẹran hàláàlì. Hoa ò jiyàn. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń rìn lọ sọ́dọ̀ alápatà hàláàlì nítorí ẹnì kan ṣoṣo. Tí Bàbá bá ti kírun Jímọ̀ tán, kí ilé-ìwé tó jáde, ibẹ̀ ló ń já sí. Á fi ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, á ṣe Bisimilahi. Nínú gbogbo ọ̀sẹ̀, kò sí ohun tó ń dùn mọ́ ọn tó abọ́ yẹn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ilé ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jẹun. Ìyá rẹ̀, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, máa ń sọ pé ọmọ tó bá ń ti orí ẹran bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, olè ló máa dà. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n. Torí náà, Bàbá Ṣéhù á ti gbogbo ẹran sí ẹ̀gbẹ́ kan, á jẹ núdùsù, á mu omi rẹ̀, á wá ku ẹran nìkan. Á gbé fọ́ọ̀kì kalẹ̀, á ṣí fìlà, á nu ojú, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ fún iṣẹ́ pàtàkì tó kù.

Kò sí ìjà nínú ìyẹn, àfìgbà tí ọmọge tó ń palẹ̀ abọ́ mọ́ kó lọ sí Swinton, tí Minh, ọkọ Hoa, gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Minh ò lè rí fọ́ọ̀kì nílẹ̀ kó mójú kúrò. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, Bàbá ń nu ojú lọ́wọ́; ìgbà tó máa ṣíjú, abọ́ ti lọ, tòun ti ẹran méje. Kí ni kí àgbàlagbà wí, pé kí wọ́n dá ẹran òun padà? Lọ́sẹ̀ kejì, ó fi ọwọ́ òsì di abọ́ mú. Ni Lárái ìyàwó rẹ̀ bá pè é lórí fóònù pé kó ra búrẹ́dì bọ̀, kó sì tó sọ pé ó dáa, abọ́ ti dé kíṣìnì. Lọ́sẹ̀ kẹta, ikọ́ ló bá a, abọ́ tún lọ. Wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ wá wò ó, ẹni tó ṣẹ́ tirẹ̀ kù ni wọ́n ń ru igbá rẹ̀ lọ yìí. Nígbà tó sọ ọ́ fún Lárái, obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ó ṣì dákẹ́ náà ni. Ní Jímọ̀ kẹrin, kó tó jókòó dáadáa, Hoa fúnra rẹ̀ jáde láti kíṣìnì, ó ń nu ọwọ́. Ojú rẹ̀ ò dùn.

"Bàbá," ó ní, "ẹ̀yin lẹ bẹ̀ mí fún ẹran yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ ti ń fi í sílẹ̀, tí mò ń dà á nù. Ó ń dùn mí. Òní ni mo rà á mọ. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tófù ni màá máa fún yín."

Ara Bàbá Ṣéhù bù máṣọ. Tófù, wàrà sóyà tí ò níyọ̀ tí ò láta yẹn? Ó wo ẹ̀yìn, ó rí Wùmí, ìyá ọmọ méjì tó ń mú kọjá títì láràárọ̀, etí rẹ̀ ti nà. Tó bá sọ òtítọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìyá ọmọ ló máa gbọ́. Tí kò bá sọ ọ́, ẹran lọ nìyẹn. Ó wo ìtìjú, ó wo ẹran, ó mú ẹran.

"Mi ò fi í sílẹ̀ rí," ó ní. "Mò ń tọ́jú ẹ̀ de ìparí ni. Ọkọ ẹ ló ń gbé e lọ."

Ó wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ti ìyá rẹ̀, ti olè, ti fìlà, ti fóònù Lárái. Wùmí fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Hoa pe Minh, wọ́n fi èdè wọn fà á títí, Minh ń nàka sí fọ́ọ̀kì bí ẹni tó ń jẹ́rìí ní kóòtù: ẹni tó bá ti gbé fọ́ọ̀kì kalẹ̀ ti yó. Hoa wọlé, ó gbé abọ́ jáde, ẹran bo orí rẹ̀, ó ká apá mọ́ àyà, ó sì dúró ti Bàbá Ṣéhù.

"Ẹran ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ," ó ní. "Kí n fojú ara mi rí i."

Bàbá Ṣéhù wo ẹnu ọ̀nà, bí ẹni pé ìyá rẹ̀ máa ti Ìlọrin wọlé pẹ̀lú omorogùn lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó wọlé. Ó fi fọ́ọ̀kì gún ẹran kan, ó jù ú sẹ́nu. Ẹran náà gbóná, ó rọ̀, ó ń yọ́ lẹ́nu. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn, ó wá bà jẹ́ díẹ̀, torí ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé láti ọgọ́ta ọdún, ẹran tó ti tutù lòun ń jẹ.

Ó jẹ òmíràn, ó tún jẹ òmíràn, títí ó fi ku méjì. Hoa mi orí pé ó dáa, ó ní òun á ra ẹran lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó sì padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà báyìí, ọwọ́ Bàbá Ṣéhù fúnra rẹ̀ ló ti ẹran méjì tó kù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìwà kì í fi oníwà sílẹ̀. Ó jẹ núdùsù, ó mu omi rẹ̀, ó gbé fọ́ọ̀kì kalẹ̀, ó ṣí fìlà.

Minh gbéra.

Bàbá Ṣéhù na ọwọ́ sí ògiri, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó nà án sí àárín tábìlì àti tábìlì, àwo róbótó náà kọjú sí Minh. Minh dúró. Ìgbà tí Bàbá jẹ ẹran kejì tán ló tó gbé ọ̀pá sọ̀kalẹ̀, tó fi ọwọ́ júwe fún un pé kó máa kọjá.